Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lábẹ́ Fáànù

3.

…débi tí mo fi sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú tó òpó iná, pé bí ó bá jókòó, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí wáyà máa gbà kọjá.

Ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹnu tí wọ́n fún mi nìyẹn, mi ò rí òmíràn gbà.

4. ÀWA TÍ A WÀ NÍ Ọ́FÍÌSÌ ÌLERA ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Nọ́ọ̀sì kan. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè é ní Màmá.

Dókítà kan, tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí òjò ìgbà ẹ̀rùn: ẹ ó gbúròó rẹ̀, ẹ ó sáré gbé agbada síta, á ti lọ.

Èmi. Mo ń gbálẹ̀, mo ń gba káàdì, mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń lé ológbò. Sàngbà-Fọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ mí.

Fáànù kan, ní yàrá ìdúró.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹ má bi mí. Bí gbogbo wọn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òrùlé á ṣí lọ bá ìlú kejì.

5.

Bí a ṣe ń ṣe é:

Màmá ò lè fi yàrá ìtọ́jú sílẹ̀. Bí ó bá jáde síbí, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á ṣubú sọ́hùn-ún. Torí náà, wọ́n lu ihò kan sára ògiri tó wà láàárín wa, kò ju kí orí ọmọ tuntun kọjá lọ. Ẹni tó bá wọlé, èmi ni mo ń wò ó, èmi ni mo ń ké ohun tó ń ṣe é sínú ihò. Màmá á dáhùn lẹ́nu kan: “Kó wọlé,” tàbí, “Kó jókòó.”

Bẹ́ǹṣì ẹnu ilẹ̀kùn wà fún àwọn tó ń wọlé. Bẹ́ǹṣì abẹ́ fáànù wà fún àwọn tó lè dúró.

Mo mọ̀ pé mò ń bù mọ́ ọn. Màmá náà mọ̀. A ò bára wa sọ ọ́ rí. Tí mo bá ní ẹnì kan ti kú, ó mọ̀ pé orí ló ń fọ́ ọ. Tí mo bá ní ẹ̀jẹ̀ ti di odò, kí wọ́n wá ọkọ̀ ojú omi, ó mọ̀ pé bíléèdì ló gé e nídìí èékánná. Ó ń fún ọ̀rọ̀ mi bí ẹní ń fún aṣọ tó rẹ sínú omi. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni àìsàn.

Kò tàsé rí.

6. NÍDÌÍ IHÒ, LÁÀÁRỌ̀ ỌJỌ́ KAN

ÈMI: Màmá, ẹ wá wo nǹkan. Ọmọ yìí wúkọ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ti fẹ́ fi ìgbálẹ̀ gbá a.

MÀMÁ: Ọ̀fìnkìn. Kó jókòó.

ÈMI: Èyí tó tẹ̀ lé e ń gbóná. Ẹ gbé ìkòkò wá, ká fi sè nǹkan.

MÀMÁ: Kó wọlé.

(Ibà ni. Mi ò mọ ọ̀nà tó gbà ya ìkejì sọ́tọ̀ lára àkọ́kọ́. Ó ní bí ohùn mi ṣe rí ni.)

7.

Ẹnì kan wà tí kì í ṣàìsàn.

Ọdún ìparí ló wà. Ó ga, ó gbẹ, bàtà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ooru pọ̀ nínú ilé tó ń gbé débi pé aláǹgbá ń béèrè omi níbẹ̀, torí náà ọ̀dọ̀ wa ló ń wá kàwé, lábẹ́ fáànù, lójoojúmọ́ ayé. Abẹ́-Fáànù la sọ ọ́. Màmá ti bá a wí títí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Tí ó bá ti ń wọlé báyìí, mi ò ní ké e sínú ihò mọ́.

Ó ń fún mi ní máàkì, Màmá pàápàá mọ̀. Tí mo bá ké ọ̀rọ̀ kan, á na ìka sókè láìgbé ojú kúrò lórí ìwé. Ẹ̀dọ̀fóró àti ìgbálẹ̀ gba mẹ́fà. Ìkòkò gba mẹ́rin, ó ní mo ti lò ó rí. Èèyàn gbọ́dọ̀ ju ìwé sílẹ̀ kó tó lè na mẹ́wàá. Kò tíì ju ìwé sílẹ̀ fún mi rí.

“Bàbá Sàngbà,” ó wí lọ́jọ́ kan, “irọ́ yín pọ̀ o.”

Mo ní irọ́ kọ́. Irọ́ ò ní ìpìlẹ̀. Tèmi ní ìpìlẹ̀, òrùlé rẹ̀ ló ga díẹ̀.

Ó na méje.

9. (mo ti fo ìkan, ẹ má dá mi lóhùn)

ÌKÌLỌ̀

Láti ọ́fíìsì Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi ẹ̀sùn kàn wá pé òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún òun lórí fóònù pé ọmọ òun ti dé ẹnubodè ọ̀run, àwọn aṣọ́bodè ní kó lọ mú káàdì rẹ̀ wá. Eyín ló ń dun ọmọ náà. Ìyá náà wá láìwọ bàtà.

Láti òní lọ, òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà GBỌ́DỌ̀ sọ̀rọ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, a ó dá a dúró.

10.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè ihò gan-an.

Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ṣófo, Màmá wá kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ìgbín lọ bọ́ ìkarahun sílẹ̀ ná, ká wò ó. Ó padà sínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú etí kan náà tó gbé jáde.

Èmi, mo ti pinnu.

11. NÍDÌÍ IHÒ, LỌ́JỌ́ KEJÌ

Abẹ́-Fáànù wọlé. Kò mú ìwé lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ó fi ọwọ́ di ìhà ọ̀tún rẹ̀ mú, nísàlẹ̀.

ABẸ́-FÁÀNÙ: Bàbá, inú yìí fẹ́ pa mí. Ẹ bá mi pariwo.

(Mo fi ìka han ìwé tó wà lára ògiri. Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún di ìhà rẹ̀ mú.)

ÈMI: Màmá, Abẹ́-Fáànù wà níbí. Inú ń run ún díẹ̀.

MÀMÁ: Ó ti jẹun?

ÈMI: Ó ní oúnjẹ ò wọlé.

MÀMÁ: Kó jókòó sábẹ́ fáànù rẹ̀.

(Ó jókòó. Ó na ìka kan.)

12.

Fáànù ń yí.

13. BÍ MÀMÁ ṢE SỌ Ọ́ FÚN MI LẸ́YÌN NÁÀ

Ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí èémí rẹ̀ ń súfèé. Òmíràn wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ọwọ́ méjì ni mo ní, méjèèjì kún. Mo gbọ́ ohùn yín. Mo fún un bí mo ṣe ń fún un. Ẹ ní “díẹ̀.” Mo fún “díẹ̀,” kò sí ẹ̀kán omi kan tó jáde. Mo ní ebi ni. Mo ní ọmọ yìí ò fẹ́ kàwé lónìí.

14. LÓRÍ FÓÒNÙ RẸ̀ (ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fi hàn wá)

— Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà ní ọ́fíìsì ìlera

— Kí ló ṣe ọ́?

— Inú rírun. Wọ́n ní kí n dúró

— Ṣé bàbá tó máa ń pariwo yẹn wà níbẹ̀?

— Ó wà. Kò pariwo lónìí

— Á jẹ́ pé kò le nìyẹn. Ṣe sùúrù

— Ó dáa

15.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odidi.

Mo sọ àbọ̀. Ó dé inú ọmọlúàbí. Ó di ìdámẹ́rin.

16.

Ó jókòó síbẹ̀. Mo gba káàdì ẹlòmíràn. Mo sọ fún Màmá pé ẹlòmíràn ń wúkọ́ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ara mi ń yá gágá. Mo rò pé bóyá n ó di ọ̀gá ọ́fíìsì lọ́la.

Nígbà tó yá, Abẹ́-Fáànù gbé orí sókè. Ó ní ìrora náà ti dáwọ́ dúró, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n pa iná.

Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré tí mo sọ ló wò ó sàn.

Lẹ́yìn náà ni òógùn bò ó. Ojú rẹ̀ di eérú. Ó yọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí wọn ò kọ́ dáadáa.

17. NÍDÌÍ IHÒ, LỌ́JỌ́ YẸN KAN NÁÀ

ÈMI: Màmá, ó ń kú lọ. Màmá, ó ń kú lọ.

MÀMÁ: (ó rẹ́rìn-ín) Ẹ ti padà dé. Kó mu omi.

18.

Mo wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní. Ọ̀run wà níbẹ̀, odò ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀dọ̀fóró, òpó iná. Mo ti ná gbogbo wọn sórí ọ̀fìnkìn.

Mo pa ẹnu mi dé.

Mo rìn gba ẹnu ilẹ̀kùn wọ yàrá ìtọ́jú, èyí tí wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Mo di ọwọ́ Màmá mú.

Ìgbà yẹn ló sáré.

20. ÌWÁDÌÍ

ALÁBÒÓJÚTÓ: Kí lẹ sọ fún nọ́ọ̀sì?

ÈMI: Díẹ̀.

ALÁBÒÓJÚTÓ: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ pé díẹ̀?

ÈMI: Ìwé yín ni, sà. Ó ṣì wà lára ògiri.

ALÁBÒÓJÚTÓ: (ó wúkọ́)

MÀMÁ: Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà.

ALÁBÒÓJÚTÓ: Ọ̀rọ̀ ti ìyẹn kọ́ la wá sọ.

MÀMÁ: Ṣé ẹ ti kọ ọ́?

ALÁBÒÓJÚTÓ: Màmá, ẹ jókòó.

MÀMÁ: Sábẹ́ fáànù?

21.

Àwọn ti ọsibítù ńlá ní apẹ́ńdíìsì ni, ìfun kékeré ìhà ọ̀tún. Wọ́n ní ó ti bẹ́ sínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, ìdí nìyẹn tí ìrora fi dáwọ́ dúró. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Kò tíì jí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òun á pè.

22. ÌKÌLỌ̀

Ẹnikẹ́ni tí kò bá ṣàìsàn KÒ GBỌ́DỌ̀ jókòó sábẹ́ fáànù.

(Ẹnì kan fi bíírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀: Ta ló máa sọ ẹni tó ń ṣàìsàn?)

23.

Ihò ti di ihò lásán.

Màmá kì í dáhùn níbẹ̀ mọ́. Tí mo bá ní orí ń fọ́ ẹnì kan, á já ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sáré jáde wá wò ó fúnra rẹ̀, á fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ ní ọ̀tún, nísàlẹ̀. Ọmọ kan ní etí ló ń dun òun. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.

Ìlà àwọn tó ń dúró ti jáde dé títì. Mo fẹ́ sọ pé ó ti yí ayé po, pé ẹni tó kẹ́yìn ti fi ẹ̀yìn ti ẹni tó ṣíwájú.

Ó dé títì.

24.

Fóònù dún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kéré. Ariwo bẹ́ẹ̀dì onítáyà kan ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní: “Bàbá, ó lajú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pa á dé. Mo sọ fún un pé ẹ ń kí i. Ó na ìka.”

Mo ní: “Mélòó?”

Ó ní: “Kí lẹ wí, sà?”

Mo ní: “Ìka mélòó ló nà?”

Ìlà já.

Mo pè é padà. Kò wọlé. Mo pè é padà.

25. LẸ́NU ILẸ̀KÙN, KÌ Í ṢE NÍDÌÍ IHÒ

MÀMÁ: Kí ni wọ́n sọ?

ÈMI: Ó lajú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pa á dé. Ó na ìka.

MÀMÁ: Ẹ ò fi kún un?

ÈMI: Mi ò fi kún un.

MÀMÁ: Ẹ ò yọ nínú rẹ̀?

ÈMI: Mi ò yọ.

MÀMÁ: Ẹ tún un sọ.

(Mo tún un sọ. Kò tóbi sí i, kò kéré sí i.)

MÀMÁ: Ìka mélòó?

26.

Ó ń wo ẹnu mi. Àwọn tó wà lórí ìlà náà ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tutù, ó fi wọ́n pa ara wọn, bí ẹni tó ti fún aṣọ títí, tí kò wá fẹ́ fún un mọ́.

Ó dúró bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ pé mẹ́wàá.