Ojú-ni-Tépù àti Fèrèsé Yàrá Màmá

"Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti pààrọ̀ gíláàsì bàálù lójú ọ̀run rí. Bàálù ò dúró o! Awakọ̀ ń wakọ̀, àwọn èrò ń jẹun, èmi fi ẹsẹ̀ kan há apá bàálù, mo fi eyín di irinṣẹ́ mú, mo ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo parí, igún kan tó ń kọjá fi apá méjèèjì pàtẹ́wọ́ fún mi."

Obìnrin télọ̀ tí ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ihò gbàgàdà méjì tó wà lára ògiri níbi tí gíláàsì wà láàárọ̀. Òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tí wọ́n kọ̀wé pè. Aago méjì ààbọ̀ ti lù, aago mẹ́rin sì ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ ni ọkùnrin yìí. Ojú-ni-Tépù ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí kì í fi tépù wọn nǹkan kan láyé. Á di ojú kan, á la ìkejì, á ní òun ti rí i. Nígbà tí ọkọ télọ̀ ní Ojú-ni-Tépù ni yóò ṣe fèrèsé, télọ̀ bi í pé ta ló ti ṣe é fún rí.

"Ẹbí wa mà ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé ká wá gbé iṣẹ́ ilé wa fún ará ìta ni?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyàwó ló ń lé ẹbí ọkọ?

Gíláàsì onípele méjì ló wà ní fèrèsé yàrá náà: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láàárín, wọ́n wá fi rọ́bà lẹ etí wọn pọ̀ pinpin. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni rọ́bà náà já. Omi wọ àárín, ó di ìkùukùu. Bí o nù ún níta, kò kúrò. Bí o nù ún nínú ilé, kò kúrò. Àfi bí ẹni tí ara ń yún tó ń họ orí ẹ̀wù. Ògiri abẹ́ rẹ̀ bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ tó ń gba etí férémù wọlé sì le débi pé ó lè fá irùngbọ̀n òbúkọ láìlo abẹ.

Afẹ́fẹ́ yẹn àti ògiri bíbu yẹn ló wọ ẹ̀dọ̀fóró Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti wà nílé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n dókítà ní òun ò ní dá a padà sínú yàrá tí òtútù ti ń gbàlejò. Nọ́ọ̀sì ni yóò wá wo yàrá náà lónìí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà ní òdìkejì ìlú ni wọ́n máa gbé Màmá lọ. Lánàá, Màmá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

"Ọmọ mi, má jẹ́ kí n lọ parí ayé mi láàárín àwọn tí kò mọ ohun tí ìyá mi ń pè mí."

Ojú-ni-Tépù hùn, ó gbé gíláàsì tuntun àkọ́kọ́, ó kì í bọ férémù. Gíláàsì ò dúró. Ó ń gba inú férémù lọ síta bí lẹ́tà tí wọ́n ń jù sínú àpótí, ọpẹ́lọpẹ́ télọ̀ tó sáré gbá a mú. Wọ́n gbé ìkejì. Bákan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, gíláàsì yìí kéré."

"Kéré kẹ̀? Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ̀wà gbígbẹ ni gíláàsì tuntun, ìyàwó wa. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á díẹ̀, á wú. Mo mọ èyí tó wú títí tó fi ti ògiri ilé wó. Onílé sùn sí yàrá, ojú títì ló jí sí."

"Gíláàsì ń wú?"

"Ẹ ò lè mọ̀. Aṣọ lẹ mọ̀."

Lóòótọ́, aṣọ ló mọ̀, aṣọ náà ló sì là á lójú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tí wọ́n tú lára férémù, àwọn tó máa ń há gíláàsì mọ́ àyè rẹ̀. Ó gbé e padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá náà bo ìbú ìka kan gbáko. Abẹ́ rẹ̀ ni etí gíláàsì àtijọ́ sá pamọ́ sí.

"Ibi tí ojú rí nìkan lẹ wọ̀n, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò fi àyè ìṣẹ́tí sílẹ̀! Bí mo bá gé aṣọ báyìí, ìhòòhò ni oníbàárà mi máa gbé relé."

Ojú-ni-Tépù wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ilé iṣẹ́ tó gé e ló fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Ìlara ni. Ẹ jẹ́ kí n sáré dé ìsọ̀ ìkóríta, n ó mú oògùn rẹ̀ bọ̀."

Bó ti jáde, télọ̀ ya ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó bọ́ sí yàrá ìránṣọ rẹ̀, ó pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ onígíláàsì tó wà lára rẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e.

"Iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́ la ṣe, mà. Èmi náà pè é lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní òun ti ń wọn fèrèsé kí wọ́n tó bí ìyá mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí bí a ṣe lè fi nǹkan kún etí rẹ̀?"

"Ẹ má dán an wò, mà. Kò ní dúró. Àwa á ṣe òmíràn, lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹ wọn inú férémù láti etí dé etí, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Èyí tó bá kéré jù, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kó lè mí."

Ọjọ́ mẹ́ta! Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀kùn. Télọ̀ fa tépù yọ lọ́rùn, ó padà sí yàrá, ó wọn ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta bí ẹni ń wọn ìyàwó tuntun, ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìdáná, ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú.

Nígbà tó máa padà dé yàrá, Ojú-ni-Tépù ti dé. Ó ti to ìwé ìròyìn sí etí gíláàsì yíká, ó fọ́n fóòmù inú agolo lé e lórí, èyí tó ń wú bí ìyẹ̀fun tó ti kan, ó sì fi ọ̀pá pẹlẹbẹ bo àṣírí mọ́lẹ̀.

Kí ni ká ti gbọ́? Ó dára ní wíwò! Ojú fèrèsé mọ́ gaara. Ó ti tó ọdún méjì tí télọ̀ ti rí igi tó wà ní òdìkejì títì láti inú yàrá yìí.

"Ẹ rí i?" Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì á wò ó, á fọwọ́ sí ìwé, Màmá á wọlé lónìí. Ẹnu nìkan ni kẹ́ ẹ pa mọ́, ìyàwó wa."

Nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn.

Obìnrin àgbà ni, sanra díẹ̀, pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ó tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó fọwọ́ kan ògiri tí wọ́n ti fọ̀, ó gbójú sókè.

"Ta ló ṣe fèrèsé?"

"Èmi ni!" Ojú-ni-Tépù na àyà síta. "Òtútù á dé ẹnu fèrèsé yìí, á kúnlẹ̀, á bẹ̀bẹ̀ títí, á padà sílé ìyá rẹ̀. Bí ìjì gbé gbogbo òrùlé àdúgbò lọ, fèrèsé yìí á kàn yọ ọwọ́ kí i pé ó dàbọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fáìlì, ó fi bírò lé ìwé. "Ó dáa. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Màmá délé. Télọ̀ rò ó pé bí òun bá panu mọ́, ọkọ òun á yìn òun, ẹbí á yìn òun, Màmá á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Abẹ́ fèrèsé gan-an ni ìrọ̀rí wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ má kọ ọ́. Gíláàsì yìí kò bá férémù mu. Ìwé ìròyìn ló gbé e ró. Lọ́jọ́ mẹ́ta, èyí tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀n á dé."

"Irọ́ ni!" Ojú-ni-Tépù fò sókè. "Ìyàwó wa fẹ́ràn àwàdà! Ẹ wò ó, mà, erin gan-an ò lè mì ín!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì apá òsì.

Gíláàsì náà kò jiyàn. Ó jáde tòun ti fóòmù, tòun ti ìwé ìròyìn, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí kọnkéré tó wà níta. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó ṣí ìwé inú fáìlì nọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá orúkọ.

Nọ́ọ̀sì tẹ ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo télọ̀ pẹ́.

"Ọjọ́ mẹ́ta lẹ wí? Màmá á dúró lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ mẹ́ta náà. N kò ní kọ orúkọ wọn sí ilé ìtọ́jú kankan kí n tó padà wá wò ó." Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yíjú. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́?"

"Èmi? Ní... ní òkè òkun ni."

"Ta ni ọ̀gá yín níbẹ̀?"

Ojú-ni-Tépù wo ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kún ibẹ̀ dí. Ó wo télọ̀. Télọ̀ ò gbójú kúrò. Ló bá di ojú kan, ó la ìkejì, ó wọn ihò tó ṣí sílẹ̀ lápá òsì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́: ó bẹ́, ó gba ibẹ̀ kọjá láì fara kan férémù, ó fò lé àfọ́kù, ó bọ́ sí títì.

Nígbà tí télọ̀ fi máa yọrí síta, ó ti dé ìkóríta. Ó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, ó sì ń pariwo fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé kí wọ́n yà lọ́nà, olè lòun ń lé lọ.