Wáyà Tó Yọ́ Nínú Ògiri

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ kankan o. Àga ló ń kàn lẹ́yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀, ó sì ti ń kàn án láti ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ọwọ́ ń dùn ún jù ló ra ẹ̀rọ ìfági ńlá, èyí tó ń fá pákó bí ẹní ń bó ọsàn.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná dé, Alága fi irin pẹlẹbẹ kan hàn án lára ẹ̀rọ náà.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó lè lo iná ọgọ́fà fóltì, ó sì lè lo òjìlérúgba, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ tó nípọn. Òjìlérúgba ni iná ilé wa. Ẹ bá mi fa wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìdí mítà."

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo irin ọ̀hún. Ọkọ Alága tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló kọjú sí. "Ẹ̀gbọ́n, iná ilé ìdáná ti tó ẹ̀rọ yìí lò. Ìyàwó yín kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ṣe é bó o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

"Èmi ni mo pè yín," ni Alága wí. "Èmi ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Oníṣẹ́ iná fa wáyà tín-ín-rín kan láti ilé ìdáná, ó gbé e gba inú ògiri yàrá ìyá ọkọ Alága, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Alága ń fá pákó kejì lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú. "Ìyàwó mi, ògiri yàrá mi ń gbóná. Nǹkan kan ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó."

Eré ni Alága sá lọ pa iná ní ìdí mítà. Ó fi ṣísù tó fi ń gbẹ́ igi la ògiri. Wáyà ti yọ́, ó dúdú bí èédú, kò sì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ìrọ̀rí màmá. Alága gé wáyà náà kúrò, ó sì ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná.

Oníṣẹ́ iná padà wá. Ọkọ ló tún kọjú sí. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní láti jẹ́ pé pákó ìyàwó yín ló le jù."

Ọkọ wo ilẹ̀. "Èmi kọ́ ni kó o bá sọ̀rọ̀."

Alága gbé wáyà jíjó náà lé oníṣẹ́ iná lọ́wọ́. "Ẹ ka ohun tó wà lára irin ẹ̀rọ yẹn sókè, kí màmá gbọ́."

Ó kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó parí, Alága tọ́ka sí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ máa gbé e lọ."

Oníṣẹ́ iná mìíràn tó wá lọ́jọ́ kejì, Alága ló kọ́kọ́ bi pé kí ló fẹ́. Ó fa wáyà tó nípọn láti ìdí mítà, ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó sì fún un ní súwíìṣì tirẹ̀. Ẹ̀rọ ń fá pákó, kò kérora mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ wá dúró tì í. "Má bínú."

Alága kò gbójú sókè lórí pákó. "Mo gbọ́. Ẹ lọ bẹ màmá yín ná. Inú mi kò tíì rọ̀."