Ọpọlọ tí Bàbá Olújídé Yọ̀ǹda

Ọwọ́ ọ̀tún ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ wọlé. Bàbá Olújídé yóò jókòó jẹ́ẹ́ nídìí mákínnì ìránṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Koumassi Remblais, ní ìlú òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àtàǹpàkò rẹ̀ yóò sì máa rìn lórí ìka tó tẹ̀lé e, bí ẹni ń rún òkèlè tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ ki òkèlè yẹn bọ̀?" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò lè fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ilẹ̀ dì mú. Ojú rẹ̀ gan, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ̀rín tí ń bẹ nínú rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Ìjọ tí ó ti jẹ́ díákónì gbààwẹ̀ fún un. Wọ́n ta òróró sí i lórí. Ọlọ́run gbọ́, a kò lè sọ pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dúró.

Olútúndé, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ti kàwé dé Paris, ó sì ti padà wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan ní Cocody, lódìkejì ọ̀sà. Àìsàn yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Parkinson ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹlòmíràn a máa wo ọwọ́ tí ń gbọ̀n. Ní ti Olútúndé, inú lọ́hùn-ún ló ń wò, níbi tí ojú lásán kò lè dé. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ lábẹ́ páánù iwájú ilé, ó ń là á yé e.

"Bàámi, ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó dúdú bí ẹni da yíǹkì sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èròjà kan tí à ń pè ní dopamine. Òun ló ń jíṣẹ́ fún ẹsẹ̀ pé kó rìn, tó ń sọ fún ojú pé kó rẹ́rìn-ín. Lára yín, èròjà yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Kí ló dé tó fi tán?"

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ẹ wò ó bíi ṣọ́ọ̀bù yín. Aṣọ ò jáde mọ́. Ṣé aránṣọ ló kú ni, àbí aránṣọ wà láàyè, òwú ni ò rí? Bó bá jẹ́ òwú, a lè wá òwú fún un."

Bàbá rò ó. "Ẹ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wò ó."

"A ò lè ṣí i nígbà tí onílé ṣì wà láàyè. Bí onílé bá sì kú, aránṣọ yẹn kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru wa yìí. Bí wọn ò bá tètè gbé ọpọlọ náà sínú yìnyín, ohun tí a bá rí níbẹ̀, irọ́ ló máa pa fún wa. Àwọn ẹbí kì í sì í gbà kí á tètè gbé e. Wọn kì í tilẹ̀ gbà rárá."

Bàbá Olújídé pa ojú dé, ọmọ rẹ̀ sì rò pé ó ti sùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Olútúndé ní láti tẹ etí sí i.

"Gba tèmi."

"Bàámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta lo fẹ́ kó fún ọ? Ọlọ́run tó máa pe àwọn tí ẹja jẹ nínú òkun dìde, ṣé orí tèmi ni yóò wá sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́? Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú Rẹ̀. Kó lè jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíràn á mú abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúró." Ó sinmi, ó kó èémí jọ. "Ṣùgbọ́n má sọ fún ìyá rẹ, má sì sọ fún Alàgbà Marcel ìjọ wa. Bí Marcel bá gbọ́, àdúrà ló máa fi dí mi lẹ́nu títí n óò fi kú."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí Olútúndé sọ fún ìyá rẹ̀ kò ju èyí lọ: "Màámi, bí èémí wọn bá ti yí padà, ẹ ránṣẹ́ sí mi kíá." Ó to àpótí yìnyín àti irinṣẹ́ rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ti lè tó o, François, ọ̀gá ilé ìwádìí náà, sì fọwọ́ sí i pé kó gbé ọkọ̀ iṣẹ́ nígbàkúùgbà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1975, nígbà tí ooru ń bó ọ̀dà lára ilẹ̀kùn, Mùkáílà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwádìí. Ọmọ Ìgbòho ni, taxi ló ń wà, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Bàbá Olújídé. Ó ti mọ Olútúndé láti ìgbà tí ó ti ń rìn ní ìhòòhò.

"Túndé, dókítà wa. Bàbá ń béèrè rẹ. Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

Olútúndé bọ́ síta. "Ẹ̀gbọ́n Mùkáílà, ṣé wọ́n ṣì ń mí?"

"Háà! Gbẹ́nu kúrò níbẹ̀ jàre! Ṣé ẹni tí kò mí ló ń béèrè ènìyàn?"

François tọ́ka sí àpótí náà láti ojú fèrèsé. Olútúndé wò ó. Ọmọ Yorùbá ni. Ó mọ̀ pé a kì í kéde ikú fún ọmọ olóògbé bí ẹni ń ta búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gba Mùkáílà gbọ́. Bàbá rẹ̀ tí ń mí, kí ó wá gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́? Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ẹni gbé pósí lọ kí aláìsàn. Ó mi orí sí François, ó sì wọ taxi lọ́wọ́ òfo.

Mùkáílà rọra ń wakọ̀ bí ẹni ru ẹyin. Ní ìsàlẹ̀ afárá, ó dúró bu omi sí ẹ́ńjìnnì. Ní Treichville, ó dúró kí ará Ìsẹ́yìn kan tí ń ta aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹná mọ́ ọn."

"Doucement, dókítà, rọra ṣe. Ọkọ̀ yìí dàgbà jù ọ́ lọ. Ìwọ ni kí n bi: ìyàwó dà? Ìwé lo fẹ́ máa gbá mọ́ra lálẹ́?"

"Ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi pé Bàámi wà láàyè."

Mùkáílà tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Mùsùlùmí kì í fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré, ọmọdé yìí." Kò sì bá a ṣàwàdà mọ́ títí wọ́n fi dé.

Ìyá rẹ̀, Henriette ọmọ Àjàṣẹ́, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bọ́jú rẹ̀. Alàgbà Marcel jókòó sórí àga níwájú yàrá, ó fi ẹ̀yìn dí ilẹ̀kùn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó, jẹun ná."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n rí wọn."

"Wọ́n ń sùn," ni Alàgbà Marcel wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun ni. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní Paris pé a kì í jí aláìsàn? Jẹun, kí inú ìyá rẹ dùn."

Ìyá rẹ̀ gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú rẹ̀, ó dúró tì í, ó tún bu ọbẹ̀ lé e. Olútúndé jẹ ẹ́ nítorí ìfẹ́ ìyá rẹ̀, kò sì mọ adùn rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ mìíràn ń bọ̀ láti Port-Bouët. Bọ́ọ̀sì wọn pẹ́, oòrùn ti yẹ̀ àtàrí kí wọ́n tó dé. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, tí kálukú ti jókòó, Alàgbà Marcel wú ikọ́.

"Arákùnrin Olútúndé, àlejò ni gbogbo wa láyé yìí..."

Olútúndé kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Nígbà wo?"

Wọ́n wo ara wọn. "Nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yìí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, omijé tí ó ti ń gbé mì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Olútúndé wọ yàrá. Wọ́n ti pa fèrèsé dé. Páánù ń jó lókè bí ààrò. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ wà lórí aṣọ funfun, ó dúró jẹ́ẹ́. Olútúndé fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn bàbá rẹ̀. Ooru yàrá náà ló wà níbẹ̀, kò sí ti ènìyàn. Kò sí ohun tí ń bẹ nínú orí yẹn mọ́ tí ó lè sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀, kò sì rí àdúrà gbà.

Nígbà tó jáde, ó ròyìn ẹ̀jẹ́ bàbá rẹ̀ fún wọn, gbogbo rẹ̀.

Alàgbà Marcel dìde. "Orí? Orí díákónì ìjọ? Kí a wá sin ín bí ẹran tí alápatà ti ṣí lórí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ jókòó, Alàgbà." Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé bàbá rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Ẹ̀jẹ́ ni wọ́n jẹ́, Màámi. Níwájú Ọlọ́run."

"Ọkọ mi kì í jẹ́jẹ̀ẹ́ kó má san án." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Mùkáílà, yí ọkọ̀ padà. Túndé, dìde, gbé e lọ. Ẹni tí inú bá ń bí, kó bínú sí èmi."

"Kò wúlò mọ́, Màámi. Ó ti pẹ́ jù."

Mùkáílà gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó ń wo inú rẹ̀. Henriette ń fi ọkàn tún òwúrọ̀ náà rìn.

"Nígbà tí o ń jẹun ńkọ́?" ni ó béèrè. "Nígbà tí mò ń bu ọbẹ̀ lé e fún ọ. Ṣé ó ṣì dára nígbà yẹn?"

Olútúndé wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò fún ìyá rẹ̀ ní oorun sún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, Màámi."

"Ìwọ náà fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi? Wò mí lójú."

Ó wò ó. "Ó ṣì dára."

Ìyá rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Alàgbà Marcel, ẹni tí kì í ṣe ènìyàn búburú, la ẹnu láti dá orin sílẹ̀ kó lè tù ú nínú. Henriette gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má kọrin, Alàgbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ."

Olútúndé jókòó tì í nílẹ̀. Àwọn àgbà Port-Bouët tẹ orí ba, kò sì sí ẹni tó kọrin.