Ewé Bọmubọmu Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Tú

Ní ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyẹmọ kọ lẹ́tà kan nípa mi sí àwọn aláṣẹ yunifásítì wa. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi Àlíù, òṣìṣẹ́ tó ń já ewé fún wọn, gbé bọmubọmu tútù wọ yàrá tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sí, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé oje rẹ̀ léwu. Ó ní ohun tó ba ojú ọ̀tún Fúnlọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ òun, jẹ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Mo sọ fún un.

Ewé mìíràn, tí a bá já a, inú ìwé ìròyìn là ń tẹ́ ẹ sí lójú ẹsẹ̀, a ó sì fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gbẹ. N kì í ṣe bọmubọmu bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń fi í mú wàrà dì ti kìlọ̀ fún mi pé oje funfun rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ojú. Mo dì í sínú àpò, mo so ó kọ́ sẹ́yìn ilé, mo sì sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má tú u títí di ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n àlejò kan ń bọ̀ láti Íńdíà lọ́jọ́ kejì, ewé yẹn gan-an ló sì fẹ́ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tú u, ó ní kí Fúnlọ́lá máa tẹ́ ẹ. Òógùn bo ọmọbìnrin náà, ó sì fi ọwọ́ nu ojú.

Nígbà tí wọ́n pè mí láti rojọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni ìwé mélòó ni mo kà. Mo ní ìwé kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọn ò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n lé mi. Ìyá mi kú lọ́dún kẹta, títí ó fi kú ló sì ń bi mí bóyá mo sọ ọ́ lóòótọ́.

Láti ìgbà náà, òdòdó ni mò ń gbìn tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Ring Road. Fúnlọ́lá ti di olùkọ́ ní Apete. Bó bá wá ra òdòdó, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń lọ. Ó máa ń kọjá níwájú mi bí ẹni tó ń kọjá níwájú ògiri.

Lóṣù tó kọjá, ó dúró. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ Íńdíà kan ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, wọ́n sì ń wá bọmubọmu tó wà láàyè. Nínú àwa tó ń ta òdòdó, èmi nìkan ni mo ní in.

“Bàbá, tó bá ní ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wí.”

“Mo ti wí i nígbà yẹn. Ẹ bi ọ̀gá yín.”

Ó pòṣé, ó ní n ò tíì fi irọ́ yẹn sílẹ̀. Mo ní fúnra mi ni n ó gbé e wá.

Nígbà tọ́jọ́ pé tí mo dé gbọ̀ngàn, mi ò lè parọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní arka lorúkọ tí wọ́n ń pe bọmubọmu ní èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Nínú àwọn ìwé mímọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Veda, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìtànṣán oòrùn, òun náà ni orin ìyìn tí wọ́n ń kọ sí àwọn òrìṣà wọn. Ó ní òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Rudra, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n púpọ̀, ewé arka ni wọ́n sì fi ń bọ ọ́. Bí wọ́n bá bọ ọ́ tán, wọn a ju ewé náà síbi tí ẹsẹ̀ kankan ò ní tẹ̀ ẹ́, nítorí wọ́n gbà pé ìjàǹbá wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ike bọmubọmu tó wà lórí itan mi. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Àlíù, gbé e wá.”

“Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí mo sọ fún yín nípa ẹ̀ lọ́jọ́sí.”

Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn. Ó ní a ó sọ ìyẹn tó bá yá, ọ̀rẹ́ òun.

“Èmi kọ́ lọ̀rẹ́ yín, sà.”

Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí wọ́n mú mi jáde. Fúnlọ́lá dìde ní ìlà iwájú. Mo rò pé èmi ló fẹ́ bú, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ìgbà tó ka ọ̀rọ̀ ewé tí wọ́n ń jù nù náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó ti pẹ́, pé ìgbà tí òun ń múra de àlejò Íńdíà yẹn ni.

Òun náà ti gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

“Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó ní kí n tẹ́ ẹ?” Fúnlọ́lá bi í.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá àga, ó jókòó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ nígbà tó ń bọ̀, inú mi ò dùn. Ìyá mi ò sí níbẹ̀.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Àlíù náà sì sọ fún mi pé kí ẹnikẹ́ni má tú u títí di ọjọ́ kẹta. Èmi ni mo tú u. Lẹ́tà tí mo kọ nípa rẹ̀, irọ́ ni mo pa.”