Ẹran Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọ̀lú

Sùtánà funfun ni Salome wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń sáré gba àárín oko ẹ̀gẹ́. Àárín ìsìn ni Adéjọbí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fọwọ́ pè é.

"Ìyá Dora, ẹ jáde wá. Bọ̀dá mi pa àgbọ̀nrín."

Salome ti fẹ́ bi í bóyá torí àgbọ̀nrín ni wọ́n ṣe ń pe èèyàn kúrò níwájú Olúwa, kí Adéjọbí tó fi ìyókù kún un.

"Ẹsẹ̀ wọn ti kán."

Bí Ajíbóyè, ọkọ rẹ̀, ṣe to ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù nìyẹn, ẹran ṣáájú, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí Adéjọbí náà ṣe wá jíṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, orí kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì.

Prosper, tó fi ọ̀kadà gbé wọn láti Erinje, ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá oko, òun náà ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ ni àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Ajíbóyè, tó nà gbalaja sídìí ọ̀pẹ kan, tí òógùn bò ó. Bàbá Ọláìtán, àgbà ọdẹ àdúgbò wọn, ti débẹ̀ ṣáájú wọn, ó dúró tì í. Ajíbóyè ló ní òun nìkan ni òun yóò gbé akọ àgbọ̀nrín náà délé. Ó gbé e kọ́rùn, ó gun igi tí wọ́n fi ṣe afárá, ó yọ̀, ó ṣubú, ẹran sì já lé e lẹ́sẹ̀. Ẹran tó ti kú ló wá ṣẹ́ alààyè lẹ́sẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú síbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ kì í kọjú sí, ojúgun rẹ̀ sì ti wú.

Salome fa etí sùtánà rẹ̀ ya. Ó fi igi imọ̀ ọ̀pẹ méjì há ẹsẹ̀ náà láàárín, ó dì í, ó sì dìde, ó wo Adéjọbí.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e. Ọkọ mi, ẹ di apá rẹ̀ mú. Prosper, wá síbí. Ọsibítù ló ń lọ tààrà."

Kò sẹ́ni tó mira. Bàbá Ọláìtán wúkọ́.

"Ẹran ńkọ́?"

"Ẹ fi ẹran sílẹ̀, Bàbá. Ṣebí ó ti kú? Kò ní sá lọ."

"Ìyàwó, kò rí bẹ́ẹ̀."

Kò rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láàárín àwọn ọdẹ àdúgbò wọn, ẹran ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀lú kí ẹni tó pa á tó wọlé. Bí wọ́n bá gbé ọdẹ wọlé ṣáájú ẹran rẹ̀, ẹran ló pa ọdẹ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní tán lẹ́nu ayé. Bẹ́ẹ̀ Ajíbóyè ti ní ẹ̀sín tirẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, òkété nìkan ló ń pa wálé, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní Ọdẹ Òkété. Nírọ̀lẹ́ mìíràn, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń lọ jókòó sí kó má baà gbọ́ ohùn wọn.

"Èèyàn méjì péré ló lè gbé nǹkan níbí," ni Salome wí. "Ẹ wo ojú ọ̀run, Bàbá. Ẹ wo ẹsẹ̀ yìí."

"Mo rí i. Wọn ò ní pẹ́ padà."

Salome kọjú sí Adéjọbí. Adéjọbí ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, Ìyá Dora. Èmi kì í ṣe ọdẹ."

"Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ yín, Mọ́mì," ni Prosper wí. "Bẹ́ ẹ bá ní ká gbé wọn, a máa gbé wọn."

Ni gbogbo wọn bá ń wo ẹnu rẹ̀. Inú bí Salome. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun rí lórí ọ̀rọ̀ ọdẹ. Òní tí ọ̀rọ̀ wúwo ni wọ́n rántí gbé e rù ú.

Ajíbóyè lajú, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Salome." Ó ti pẹ́ tó ti pè é lórúkọ. "Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi wọ Erinje bí òkú ẹran. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Àwọn tó ń pa òwe yìí kì í sọ ti ẹni tí yóò ṣẹ́kù sílé. Èébú ti dé ètè Salome. Ó fẹ́ sọ fún un pé òpònú ni, pé odindi igbó ẹran kò tó ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Àmọ́ ojú ẹ̀bẹ̀ ni Ajíbóyè fi ń wò ó, kò sì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí. Àánú ṣe é. Àánú yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ gbé ẹran lọ," ó wí.

Wọ́n so ẹsẹ̀ ẹran mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé e léjìká. Bàbá Ọláìtán gbé ìbọn, ó ṣáájú wọn, torí àgbà ọdẹ ló ń kéde ẹran. Wọn ò tíì jìnnà tí òjò fi dé.

Ajíbóyè ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò ń rọ̀: bí ẹran náà ṣe yọ orí láàárín koríko, bí òun ṣe mú èémí dúró, bí ìbọn ṣe dún lẹ́ẹ̀kan péré. Sùtánà ti lẹ̀ mọ́ Salome lára, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ajíbóyè kò bi í bóyá òtútù ń mú un. Nígbà tí òjò dá, ìjàlọ jáde, Salome bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n kúrò lára ọkọ rẹ̀. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Ó tú ìdì ẹsẹ̀ náà, ó tún un dì. Ó dá orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, orin náà kò gòkè.

Ìbọn dún lọ́nà jíjìn.

"Ṣé o gbọ́?" Ajíbóyè béèrè.

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ti wọ̀lú." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti funfun.

Salome ro bí ọ̀kadà ṣe yá tó, ó ní wọ́n á ti máa padà bọ̀. Wọn ò dé. Ó tún un rò, ó wá jáwọ́. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó gbọ́ ohùn wọn. Adéjọbí, Prosper àti ọkùnrin méjì mìíràn ni, wọ́n ru ilẹ̀kùn àlòkù kan tí wọ́n fẹ́ fi gbé e.

"Ẹ má bínú, Ìyá Dora. Èrò ti pọ̀ jù. Wọ́n ní a ò lè lọ láì tíì pín ti àwọn àgbà."

Bí Adéjọbí ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òórùn ẹ̀dọ̀ sísun ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Prosper ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ṣé ojú títì lẹ gbé e gbà?" Ajíbóyè béèrè.

"Ojú títì ni, Bọ̀dá. Àwọn tó ń lọ sí Àyèká pàápàá dá mọ́tò dúró láti wò ó."

Ajíbóyè bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Salome dì mú kí wọ́n lè gbé e. Ẹsẹ̀ náà ti tutù, ó dúdú ju èkejì lọ. Salome fi èékánná tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Ajíbóyè ń bi àbúrò rẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n pín orí ẹran fún.

"Ọkọ mi," Salome wí fún Adéjọbí jẹ́jẹ́, "ẹsẹ̀ yìí ti kú."

Adéjọbí wo ẹsẹ̀ náà. Ó wo Prosper. Ó gbójú kúrò.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká gbé ẹran lọ, Ìyá Dora."

Kò pariwo, kò sì bínú. Ó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti kò lé lórí. Salome wá rí bí wọn yóò ṣe máa sọ ọ́ ní Erinje lọ́dún tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ Bàbá Ọláìtán, tí Ajíbóyè pàápàá, lórí àga tí wọ́n bá gbé e kà, yóò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí ilẹ̀kùn. Prosper ní kí wọ́n máa lọ.