Gìdọ́ọ̀nù Mẹ́tìrì Norbert

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yan Mẹ́tìrì Norbert lódì. Òun ni olùkọ́ mi nílé ìwé; Mẹ́tìrì là ń pe olùkọ́. Ọmọ Pobè ni, èdè tí à ń sọ ni ìyá rẹ̀ ń sọ, síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fi èdè ilé tọrọ omi lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, egungun màlúù ló gbé kọ́ mi lọ́rùn, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ tí kò bá sọ Faransé. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́!"

Mo pa á mọ́. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù, mo sì búra pé kò ní gbọ́ ohùn mi mọ́ láéláé.

Ọdún kejì òmìnira, òun náà ló gun alùpùpù dé iwájú ilé mi. Ìlú Kaboua ló ti ń kọ́ni nígbà náà, ẹ̀yìn sì ń dùn ún lójú ọ̀nà. Ó so gìdọ́ọ̀nù tuntun, irin tí a fi ń darí rẹ̀, mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà, ó ga bí ìwo màlúù Fúlàní. Ó fẹ́ kí n fi í rọ́pò ti àtijọ́, kó má baà máa tẹ̀ba mọ́. Ta ni ì bá tún bẹ̀? Èmi nìkan ni mo ń ṣe é ní Ṣábẹ.

Mo pe ìyàwó mi. "Àyìnkẹ́, sọ fún àlejò rẹ kó jókòó."

"Mẹ́tìrì, ó ní kí ẹ jókòó."

"Mo gbọ́, ìyàwó. Etí mi kò dí."

Mo de gìdọ́ọ̀nù náà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dì í mú. Mo ń fún wọn díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀kan má baà le ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé okùn ìjánu àti okùn epo tí ń mú ẹ̀rọ sáré ti kúrú fún un. Mo wọlé lọ wá èyí tó gùn. Àyìnkẹ́ ti lọ pọn omi.

Bí mo ti ń tú àpótí, mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, Mẹ́tìrì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó ti gun alùpùpù!

Ọ̀nà tó kúrò níwájú ilé mi, apá òsì ló yà sí, níbi kànga. Bó bá ti lè yí gìdọ́ọ̀nù yẹn sósì, okùn epo á fà, alùpùpù á sì bẹ́ bí ẹṣin tí agbọ́n ta. Mo wá Àyìnkẹ́, n kò rí i. Adìyẹ kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Adìyẹ," ni mo wí, "sọ fún un kó má yí i."

Adìyẹ wò mí. Mẹ́tìrì yí i. Ẹ̀rọ bú ramúramù.

"Mẹ́tìrì! Ẹ pa á! Ẹ pa iná rẹ̀!"

Ó pa á. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló kù kí táyà kan kànga. Àyìnkẹ́ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú korobá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Mẹ́tìrì nu òógùn ojú. "Ohùn rẹ ti dàgbà o."

"Adìyẹ ni mo ń bá wí."

Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lẹ́sẹ̀.

Mo fi okùn gígùn sí i. Mo tan ẹ̀rọ rẹ̀, mo yí gìdọ́ọ̀nù dé òpin òsì, mo yí i dé òpin ọ̀tún: ohùn ẹ̀rọ kò yí padà, okùn kankan kò fà.

"Ṣé ó ti tán?" ni Mẹ́tìrì béèrè.

Mo wo Àyìnkẹ́. Ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Ó ku ẹyọ kan," ni mo wí. Mo ká okùn kúkúrú àtijọ́ náà, mo gbé e kọ́ Mẹ́tìrì lọ́rùn. "Ẹ gbé e dé Kaboua, kí ẹ má baà gbàgbé."

Ó wo okùn náà. Kò yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gùn ún lọ, gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà ń wò ó.

Láti ọjọ́ náà, à ń kí ara wa. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.