Eyínfúnjowó Kó Aṣọ Mi Síta

"Mama Ini, abeg come carry your bag o. E dey block my stove."

Gbéminíyì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà dé ni, kò tíì bọ́ bàtà. Lóòótọ́, báàgì Ghana-must-go kan wà ní kọ́rídọ̀, láàárín sítóófù tirẹ̀ àti ti Mama Osas tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó rò pé ẹrù àlejò ẹnìkan ni. Ìgbà tó fa síìpù rẹ̀ ló rí ìró lẹ́ẹ̀sì tó máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rún un mọ́ra bí aṣọ ìnulẹ̀. Aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń rùn kẹrosíìnì.

"Who put am here?"

"No be your small husband?" Mama Osas rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Ọmọ Ẹdó ni. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé àbúrò ọkọ ni Yorùbá ń pè ní ọkọ, kò yéé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. "Since morning she dey pack. I think say na you send am."

Yàrá kan àti pálọ̀ ni Gbéminíyì àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Uselu, wọ́díróòbù kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, èyí tí onílé kọ́ mọ́ ara ògiri, tí kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Gbéminíyì ló wá káfíńtà tó kan pákó sí i nínú. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi aṣọ ọkọ rẹ̀ kọ́ sí, pákó òkè jẹ́ tirẹ̀, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Ìníolúwa ọmọ wọn. Gbogbo Sátidé ló máa ń tún un tò. Nínú gbogbo ìlú Benin, kò sí ibòmíràn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni.

Kí Ọmọlará tó dé nìyẹn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí ń kàwé ní yunifásítì. Ó ní omi kò sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn, kí wọ́n jẹ́ kí òun wá lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà di oṣù, oṣù sì ti ń lọ sí ọdún. Ó kọ́kọ́ tọrọ ibi tí yóò fi kaba kan ṣoṣo kọ́. Lẹ́yìn náà ni bàtà wọlé, wíìgì náà tẹ̀ lé e. Gbéminíyì fún aṣọ ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Wàyí o, wọ́n ti dé orí tòun gan-an.

Ó gbé báàgì náà wọlé. Ọmọlará wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kun èékánná. Ilẹ̀kùn wọ́díróòbù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kaba rẹ̀ ló gba òkè, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló gba ìsàlẹ̀, àfi bí ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà Ekiosa.

"Ìyàwó wa, o ti dé? Mo bá ẹ tún ibẹ̀ yẹn tò. Ó ti rí jákujàku jù."

Inú bí Gbéminíyì. Síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ kó tó mọ̀.

"Eyínfúnjowó, ẹ kúulé mà."

Òun fúnra rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọmọ kékeré tí eyín rẹ̀ funfun báláú ni Ọmọlará lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, inú rẹ̀ sì dùn sí orúkọ tuntun náà, ó ń fò kiri. Ta ló mọ̀ pé yóò fi joyè?

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni aṣọ mi ń wá nídìí sítóófù?"

"Àyè ò sí mọ́ ni. Ṣebí aṣọ kan náà lo kúkú máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo sì bi bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní kò burú."

Gbéminíyì yà sí pálọ̀. Babájídé, ọkọ rẹ̀, ti ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páàtì ọkọ̀ dé, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

"Bàbá Ìní, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kó aṣọ mi síta?"

"Èmi ò mọ̀ pé síta ni." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ó ní òun fẹ́ tún wọ́díróòbù tò, mo ní ó dáa. Ṣé torí aṣọ la ó ṣe máa jà? Ọkọ ẹ ni, fara dà á."

"Ṣé aṣọ tiyín ṣì wà níbẹ̀?"

Babájídé yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Tirẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti lọ̀ ọ́.

Fara dà á! Òun ló ń pọn omi ìwẹ̀ fún ọmọ tó tó bímọ. Òun ló ń jẹ orí ẹja kí ààrin lè kan ọkọ kékeré. Ìwọ̀sí wo ló wá kù? Ṣé ó kù kí wọ́n gbé òun náà lọ sídìí sítóófù ni?

Ó padà sínú yàrá, kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn kaba náà kúrò lára háńgà, ó ń ká wọn dáadáa, nítorí aṣọ kò ṣẹ̀ ẹ́.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Ìyàwó, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀! Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wo ìyàwó yín o!"

Babájídé dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Gbéminíyì kó aṣọ tirẹ̀ jáde nínú Ghana-must-go, ó nù ún nínú, ó to ti Ọmọlará sí i, ó sì gbé e kọjá lára ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn àga ní pálọ̀. Kò gbé e sídìí sítóófù. Ó padà wá fi aṣọ òkè rẹ̀ kọ́ sójú fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, ó kó aṣọ tirẹ̀ yòókù sórí pákó òkè, ó sì kó ti Ìníolúwa padà sórí pákó ìsàlẹ̀.

"Màmá ni mo máa pè báyìí!" Ọmọlará ti gbá fóònù mú. "Màá sọ fún wọn pé ìyàwó wọn ti ń lé mi jáde nílé bọ̀ọ̀dá mi!"

Gbéminíyì ti ilẹ̀kùn wọ́díróòbù, ó sì pa dé, èyí tí kò ṣeé ṣe láti ìgbà tí Ọmọlará ti dé. Ó yíjú sí ọmọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀.

"Ọmọlará."

Fóònù bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin náà ti dìde dúró, ó ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Mà?"